Bí a ṣe ń ṣètò àsè ìtọ́wò wáìnì láìmọ orúkọ ìgò

Ohun tó ń ba irú àsè yìí jẹ́ jù ni pé àṣírí máa ń tètè tú. Ẹni tó bá ti mọ orúkọ ìgò, orúkọ yẹn ló ń tọ́ wò. Ní ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún ọdún 1976, àwọn adájọ́ ọmọ Faransé tọ́ wáìnì wò ní Paris láìmọ èyí tó jẹ́ tilẹ̀ wọn àti èyí tó ti California wá. Ti California ló ṣe ipò kìíní, nínú funfun àti nínú pupa.

Ẹ pe èèyàn mẹ́fà sí mẹ́jọ. Ìgò kan gba mílílítà 750. Bí ẹ bá bu 60 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lára èèyàn mẹ́jọ, 270 ṣì kù tí ẹ ó fi jẹun. Ìgò márùn-ún tó; tó bá ju mẹ́fà lọ, ahọ́n á ti rẹ̀. Ẹ yan irú èso àjàrà kan ṣoṣo, bíi Chardonnay, láti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí iye owó wọn sì sún mọ́ra. Àdàlù funfun, pupa àti aládùn kì í kọ́ni ní nǹkan kan.

Bíbo orúkọ ìgò mọ́lẹ̀ ni kí ẹ fara balẹ̀ sí jù. Ilé ìdáná ni kí ẹ ti ṣí gbogbo wọn ní wákàtí kan ṣáájú. Ẹ bó gbogbo ìbòrí ọrùn ìgò kúrò, kí ẹ sì kó kọ́ọ̀kì, ìyẹn ìdérí tí wọ́n fi dí ẹnu ìgò, pamọ́, torí wọ́n sábà máa ń tẹ orúkọ sí i lára. Ẹ gbóòórùn ìgò kọ̀ọ̀kan: èyí tó bá ń rùn bíi páálí tí omi rin ti bàjẹ́ láti ara kọ́ọ̀kì, nítorí náà ẹ ní ìgò kan ní ìpamọ́. Ìrísí ìgò pàápàá máa ń sọ̀rọ̀: ní àgbègbè wáìnì méjì ní Faransé, ti Bordeaux ní èjìká gíga, ti Burgundy ní èjìká tó dà sílẹ̀. Báàgì bébà máa ń ya nígbà tí ìgò tútù bá làágùn sí i lára. Ìbọ̀sẹ̀ gígùn tó nípọn ló dáa jù: ó ń nà, ẹ ó sì fi rọ́bà so ó lọ́rùn. Ẹni kan ni kó wọ ìbọ̀sẹ̀ fún àwọn ìgò. Ẹlòmíràn tí kò rí i ni kó pààrọ̀ ààyè wọn kó tó lẹ nọ́ńbà mọ́ wọn. Báyìí, onílé náà lè tọ́ wò.

Funfun, ìwọ̀n 8 sí 12 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Pupa, 15 sí 18. Funfun tó tutù jù kì í yọ òórùn, pupa tó gbóná jù a máa ta imú. Ife ìrísí kan náà ni kí gbogbo ènìyàn lò, kí ẹnikẹ́ni má sì fi lọ́fínńdà sára.

Ẹ tọ́ ọ wò kí ẹ tó jẹun. Ata máa ń jẹ́ kí ọtí jó ahọ́n, nítorí náà omi àti búrẹ́dì lásán ni kó wà láàárín, pẹ̀lú ife tí a ó máa tu ọtí sí. Kí kálukú kọ èrò rẹ̀ sílẹ̀ láìsọ̀rọ̀: àwọ̀, òórùn, kíkan, bó ṣe ń fa èrìgì pọ̀, bó ṣe pẹ́ tó lẹ́nu, lẹ́yìn náà máàkì lórí 20. Bí ẹnì kan bá ti pariwo pé òun ń gbóòórùn ọsàn, gbogbo tábìlì á bẹ̀rẹ̀ sí í gbóòórùn ọsàn.

Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ fi wáìnì kan náà sínú ìbọ̀sẹ̀ méjì láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Bí máàkì ẹnì kan lórí méjèèjì bá jìnnà síra, á mọ bí òun ṣe lè gbẹ́kẹ̀ lé máàkì yòókù tó.

Ẹ wá gbé oúnjẹ wá, kí nọ́ńbà ṣì wà lára ìgò. Iyọ̀ àti ọ̀rá máa ń mú kí wáìnì pupa tó le rọ̀ lẹ́nu. Oúnjẹ tó ní ṣúgà a máa sọ wáìnì di kíkan. Ẹ gba gbogbo bébà kí ẹ tó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ kankan, torí bí lébẹ́ẹ̀lì bá ti hàn, ọwọ́ a máa yá láti yí máàkì padà.