Bí Mo Ṣe Mú Àwọn Ọ̀rẹ́ Mi Rin Ìtàn Ọdún 1806 ní Poznań

Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan wá kí mi láti London, wọ́n ní kí n fi Poznań, ìlú tí mo ń gbé ní Pólàndì, hàn wọ́n. Ìtàn ọ̀tẹ̀ ọdún 1806 ni mo yàn. Mo sì ti pinnu pé a ò ní bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Napoleon, olú-ọba Faransé.

Láti ọdún 1793 ni Prúṣíà, ìjọba àwọn ará Jámánì kan, ti gba Poznań lọ́wọ́ Pólàndì. Lóòótọ́, Napoleon ló ṣẹ́gun Prúṣíà ní Jena ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá, 1806. Ṣùgbọ́n ọ̀gágun Jan Henryk Dąbrowski àti òṣèlú Józef Wybicki, ọmọ Pólàndì méjèèjì, ló ké sí àwọn ará Pólàndì láti Berlin ní ọjọ́ 3 oṣù Kọkànlá pé kí wọ́n dìde. Ní ọjọ́ 6, àwọn méjèèjì wọ Poznań, àwọn èèyàn agbègbè náà sì ń lé ọmọ ogun Prúṣíà jáde. Ọjọ́ 27 ni Napoleon tó dé.

Nítorí náà, orí òkè tí ṣọ́ọ̀ṣì Wojciech Mímọ́ wà la kọ́kọ́ gùn. Mo ti béèrè ṣáájú nípa ìgbà tí wọ́n ń ṣí ibojì abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀. Ẹ má lọ láìbéèrè. Ibẹ̀ ni wọ́n sin Wybicki sí, ọkàn inú àyà Dąbrowski náà wà níbẹ̀. A pẹ́ níbẹ̀ gan-an. Mo sọ fún wọn pé Wybicki ló kọ orin tí Pólàndì fi ń ṣe orin orílẹ̀-èdè lónìí, ní Ítálì lọ́dún 1797, fún ẹgbẹ́ ọmọ ogun Dąbrowski tó ń jà lẹ́yìn Faransé. Lára ẹgbẹ́ ọmọ ogun Pólàndì yẹn ni Napoleon ti kó àwọn kan lọ sí Haiti, tó wà lábẹ́ Faransé nígbà náà, lọ́dún 1802 láti tẹ àwọn dúdú lórí ba, àwọn Nàgó tiwa sì wà lára àwọn dúdú náà. Àwọn ọmọ ogun kan yí padà, wọ́n gbè sẹ́yìn àwọn dúdú. Òfin ilẹ̀ Haiti ti 1805 sì ka àwọn ará Pólàndì tó kù síbẹ̀ sí ọmọ ìlú. Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ wá lára.

A sọ̀ kalẹ̀, a gba Stary Rynek, ojúde ọjà àtijọ́ ìlú náà, kọjá, a dé ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́ ti àwọn Jesuit, ẹgbẹ́ àwọn àlùfáà Kátólíìkì kan, níbi tí Napoleon dé sí. Ibẹ̀ ni ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ mi ti bi mí pé kí ni àwọn ará Pólàndì rí gbà. Lọ́dún 1807, nínú àdéhùn àlàáfíà tí wọ́n ṣe ní ìlú Tilsit, wọ́n rí ìjọba kékeré kan gbà, Warsaw ni wọ́n fi sọ ọ́, kò sí orúkọ Pólàndì nínú rẹ̀, ọba Saxony, ìjọba Jámánì mìíràn, ni wọ́n sì fi jẹ lé wọn lórí. Ó dùn mí pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Síbẹ̀ n kò gbà pé asán ni: wọ́n ní ọmọ ogun tiwọn, ọmọ ogun yẹn ló sì gba Kraków lọ́wọ́ Ọ́stríà ní 1809.