Bí A Ṣe Ń Ṣe Táímìnì Katakata Ford 8N Àtijọ́

Láti 1947 sí 1952 ni ilé iṣẹ́ Ford fi ṣe katakata 8N, iye tí wọ́n ṣe sì lé ní ìdajì mílíọ̀nù. Ìdí nìyẹn tó fi ṣì wọ́pọ̀ lóko kéékèèké ní Amẹ́ríkà títí dòní, tí ẹni tó bá ra ilẹ̀ níbẹ̀ sì lè bá ọ̀kan nínú abà tí kò ṣiṣẹ́ mọ́. Kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì ló kú. Ó lè jẹ́ pé iná púlọ́ọ̀gì ni kò wá lásìkò (títún àsìkò iná yìí ṣe ni à ń pè ní táímìnì), ilé yín náà lẹ sì ti lè tún un ṣe.

Ẹ mọ irú èyí tí ẹ ní

Ẹ wo nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára ẹ́ńjìnnì lápá òsì ẹni tó bá jókòó sórí katakata, nísàlẹ̀ orí ẹ́ńjìnnì, lẹ́yìn àsẹ́ ọ́ìlì. Bí nọ́ńbà náà bá kéré sí 263844, iwájú ẹ́ńjìnnì gan-an ni díṣíríbútọ̀ (ohun tó ń pín iná fún púlọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan) wà. Láti 263844 lọ sókè, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1950, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni wọ́n gbé e sí. Gbogbo katakata Ford 9N àti 2N tó ṣáájú wọn, iwájú ni tiwọn. Àmọ́ àwọn katakata yìí ti dàgbà, ẹlòmíì ti lè pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì wọn, nítorí náà ohun tí ojú yín bá rí ni kí ẹ gbà.

Ohun tí iná tí kò bọ́ sásìkò ń fà

Sílíńdà mẹ́rin ló ní, èyí tó sún mọ́ rédíétọ̀ ni ìkíní. Bí iná ṣe ń kàn wọ́n nìyí: 1, 2, 4, 3. Ó yẹ kí iná ṣẹ́ kété kí písítìn tó dé òkè pátápátá. Bí ó bá pẹ́, katakata kò ní lágbára, ẹ́ńjìnnì á sì máa gbóná jù. Bí ó bá yá jù, ẹ ó máa gbọ́ kọ̀ kọ̀ kọ̀ nínú rẹ̀ bó bá ń túlẹ̀, yóò sì máa ta padà nígbà tí ẹ bá fẹ́ tan án. Ẹni tó bá ń fi irin yí i níwájú ni kó ṣọ́ra jù, torí ìtapadà yẹn lè kán èèyàn lọ́wọ́.

Pọ́íǹtì ṣáájú táímìnì

Ẹ má fọwọ́ kan táímìnì bí ẹ kò bá tíì ṣe pọ́íǹtì, irin méjì inú díṣíríbútọ̀ tó ń ṣí, tó ń pa dé, kí iná lè ṣẹ́. Bí àlàfo pọ́íǹtì bá fẹ̀ sí i, yóò tètè ṣí, iná á sì yá. Bí àlàfo náà bá dínkù, iná á pẹ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣe táímìnì, tó wá padà tún pọ́íǹtì ṣe, ti ba iṣẹ́ àkọ́kọ́ jẹ́.

Díṣíríbútọ̀ iwájú ń fẹ́ àlàfo 0.015 ínṣì. Ti ẹ̀gbẹ́ ń fẹ́ 0.025. Ẹ má fi ti ọ̀kan ṣe èkejì. Ẹ rí i pé ibi tó ga jù lọ lórí kámù (apá ọ̀pá díṣíríbútọ̀ tó ń ti pọ́íǹtì ṣí) ló gbé pọ́íǹtì sókè nígbà tí ẹ bá ń ki géèjì (irin pẹlẹbẹ tí a fi ń wọn àlàfo) bọ̀ ọ́. Bébà mímọ́ ni kí ẹ fi nu ojú pọ́íǹtì, ẹ má fi sándípépà ha á. Ẹ fi gíríìsì bíńtín sára kámù, torí bí kámù bá gbẹ, yóò máa jẹ apá tó ń gbé pọ́íǹtì, àlàfo á sì máa sé díẹ̀díẹ̀.

Kí gbogbo èyí tó wáyé, ẹ di ọ̀pá díṣíríbútọ̀ mú, kí ẹ mì í sọ́tùn-ún sósì. Bí ó bá ń jó síhìn-ín sọ́hùn-ún, búṣìn rẹ̀ (òrùka irin tí ọ̀pá náà ń yí nínú rẹ̀) ti jẹ. Ẹ pààrọ̀ búṣìn ná, torí kò sí àlàfo tó máa dúró lójú kan lórí ọ̀pá tó ń jó.

Díṣíríbútọ̀ iwájú: orí tábìlì ni iṣẹ́ rẹ̀

Èyí kì í ṣe ohun tí ẹ lè máa yí lára ẹ́ńjìnnì bíi ti mọ́tò. Ẹ fi gíyà sí fríì, ẹ tú wáyà bátìrì tó so mọ́ ara katakata. Nínú 8N tí wọn kò tíì yí padà, bátìrì fóòtì 6 ni, orí pọ́sítíìfù rẹ̀ ló sì so mọ́ ara irin. Ẹ gbé kọ́ìlì (ohun tó ń sọ iná bátìrì di alágbára fún púlọ́ọ̀gì) àti ìdérí kúrò, kí ẹ wá tú bóòtì méjì tó mú díṣíríbútọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì.

Lórí tábìlì, ẹ dojú ìdí rẹ̀ sókè. Ẹ ó rí ahọ́n irin kan ní ìdí ọ̀pá. Kò sí láàárín gbùngbùn, apá kan fẹ̀ ju ìkejì lọ. Ẹ mú iná ìdánwò tàbí mítà, ẹ so ìkan mọ́ ara díṣíríbútọ̀, ẹ so ìkejì mọ́ irin pẹlẹbẹ tí kọ́ìlì máa ń kàn. Bí pọ́íǹtì bá pa dé, iná á tàn. Bó bá ṣí, á kú. Bí kò bá kú rárá, ẹ wo rọ́bà tó yẹ kó pín irin náà sí ara ilé rẹ̀.

Ẹ gbé rúlà lé ẹ̀gbẹ́ ahọ́n tó fẹ̀. Ẹ máa yí ọ̀pá bí ọwọ́ aago ṣe ń lọ, torí ìdí rẹ̀ lẹ dojú kọ. (Ẹni tó dúró níwájú katakata yóò rí i pé òdìkejì ló ń yí.) Nígbà tí etí rúlà bá jìnnà ní 1/4 ínṣì sí etí òde ihò bóòtì tó ń yí lọ bá, ìgbà náà gan-an ló yẹ kí iná ìdánwò kú. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, síkúrù kan wà lára ilé díṣíríbútọ̀ lóde: ẹ tú u díẹ̀, ẹ sún un, ẹ dè é, kí ẹ sì tún un dán wò. Sùúrù ni ibí yìí ń fẹ́.

Bí ẹ bá ń dá a padà, ọwọ́ nìkan ni kí ẹ fi tì í, kí ẹ máa yí rọ́tọ̀ (èyí tó wà lórí ọ̀pá díṣíríbútọ̀, tó ń bá a yí) títí ahọ́n yóò fi wọ ihò rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ jókòó pẹrẹsẹ kí bóòtì tó wọlé. Ẹ má fi bóòtì fà á wọlé láéláé, ilé rẹ̀ á là.

Ti ẹ̀gbẹ́

Díṣíríbútọ̀ ẹ̀gbẹ́ rọrùn. Ẹ tú bóòtì tó dì í mú díẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́, kí ẹ tan iná táímìnì (tọ́ọ̀ṣì tó ń ṣẹ́jú nígbà tí púlọ́ọ̀gì ìkíní bá ṣẹ́ná) sára fíláwíìlì (wíìlì irin ńlá tó ń yí lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì), kí àmì dígíríì 4 ṣáájú òkè písítìn lè bọ́ sójú rẹ̀. Bí ẹ bá yí ara díṣíríbútọ̀ lódì sí bí rọ́tọ̀ ṣe ń yí, iná á yá. Bí ẹ bá yí i bá rọ́tọ̀ lọ, á pẹ́.

Bí ẹnì kan bá ti yí katakata náà sí fóòtì 12, ẹ rí i pé kọ́ìlì bá a mu, tàbí pé ó ní rẹsísítọ̀ (ohun tó ń dín iná kù) tó tọ́. Ẹ má sì fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ ní títàn nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò ṣiṣẹ́, kọ́ìlì á jóná. Lẹ́yìn iṣẹ́ oko díẹ̀, ẹ tún wọn àlàfo pọ́íǹtì tuntun, torí ó máa ń sé díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀.