Bí A Ṣe Ń Yọ Ẹ̀rù Ìṣirò Kúrò Lára Ọmọ

Ọmọ tí inú ń run kété tí wọ́n bá ti mú ìwé ìṣirò jáde kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe olódo. Ẹ̀rù ló ń bà á, ó sì níbi tó ti kọ́ ẹ̀rù náà. Iṣẹ́ lẹ́sìn ìrọ̀lẹ́ ni mò ń ṣe n'Íbàdàn, àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mò ń kọ́, torí ìṣirò sì ni ọ̀pọ̀ òbí ṣe ń mú wọn wá bá mi. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé ni bí ẹ̀yin fúnra yín ṣe lè yọ ẹ̀rù yìí nínú ilé. Àwọn onímọ̀ saikọ́lọ́jì ti wá ìdí rẹ̀ tipẹ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bó ṣe ń wọlé. Ní 1920, John Watson àti Rosalie Rayner, ní yunifásítì Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà, mú ọmọ ọwọ́ kan tí wọ́n pè ní Albert. Eku funfun ò ba ọmọ yìí lẹ́rù, ńṣe ló ń nawọ́ sí i. Ni wọ́n bá ń fi òòlù lu irin gbàgà lẹ́yìn rẹ̀ nígbàkigbà tó bá ti fẹ́ fọwọ́ kan eku náà. Kò pẹ́ tó fi jẹ́ pé bó bá ti fojú kan eku báyìí, ẹkún dé, irin ò dún mọ́. Ẹ̀rù náà sì ràn dé ara ehoro, ajá àti kóòtù onírun. Ìwà ìkà gbáà ni wọ́n hù sí ọmọ yẹn, kò sẹ́ni tí wọ́n máa gbà láyè kó dán an wò lónìí. Ṣùgbọ́n ẹ wo kíláàsì tí tíṣà ti ń na pàṣán mọ́ tábílì: "Méje lọ́nà mẹ́jọ, mélòó?" Pàṣán ni irin, ìṣirò ni eku. Bí ọmọ yẹn bá tiẹ̀ wá bọ́ sọ́wọ́ tíṣà tó jẹ́ ẹni pẹ̀lẹ́, ìwé nìkan ti tó láti mú ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n.

Kí ló dé tí kì í fi í lọ fúnra rẹ̀? Torí pé ọmọ ń sá. Tí àsìkò ìṣirò bá tó, òùngbẹ á máa gbẹ ẹ́, ìtọ̀ á máa gbọ̀n ọ́n, pẹ́ńsùlù rẹ̀ á sọnù. Bó bá ti jáde, ara á tù ú. Edward Thorndike ti fi ológbò tó há sínú àpótí ṣàlàyé èyí láti 1898: ohun téèyàn bá ṣe tí ìtura sì tẹ̀ lé e, yóò tún un ṣe. Nítorí náà, ẹ má pe òùngbẹ yẹn ní irọ́. Ẹ̀rù náà tún ń gba àyè lórí. Mark Ashcraft àti Elizabeth Kirk fi hàn ní 2001 pé ẹni tí ẹ̀rù ìṣirò ń bà kì í fi bẹ́ẹ̀ rí àyè nínú ọpọlọ láti di nọ́ńbà mú nígbà tó bá ń ṣírò lọ́wọ́. Ohun tó mọ̀ lálẹ́ àná, ó lè má rí i mú jáde níwájú bọ́ọ̀dù.

Ẹni tó kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́ ni Mary Cover Jones, ní New York, ní 1924. Ọmọ kan tó pè ní Peter, tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ń bẹ̀rù ehoro, ó ń bẹ̀rù òwú àti ìyẹ́ pàápàá. Jones gbé e jókòó, ó fún un ní oúnjẹ tó fẹ́ràn, wọ́n sì gbé ehoro wọlé nínú àgò, síbi tó jìnnà tí kò fi ní dí ọmọ lọ́wọ́ oúnjẹ. Lọ́jọ́ mìíràn, wọ́n sún un mọ́ ọn díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe títí wọ́n fi tú ehoro sílẹ̀ nínú yàrá, títí Peter fi jẹ́ kó máa fẹnu tọ́ ìka òun wò. Wọ́n tún ń jẹ́ kí àwọn ọmọ tí kò bẹ̀rù ehoro bá a ṣeré níṣojú rẹ̀.

Jones dán àwọn ọ̀nà mìíràn wò lára àwọn ọmọ mìíràn: kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ ehoro ní dáadáa, kí wọ́n fi ọmọ ṣẹ̀sín, kí wọ́n gbé ohun tó ń bà á lẹ́rù pamọ́ fún un títí yóò fi gbàgbé. Kò sí èyí tó ṣiṣẹ́ tó méjì tí wọ́n lò fún Peter. Mo bẹ yín, ẹ di èyí mú, torí "Àbúrò ẹ mọ̀ ọ́n, ìwọ ò mọ̀ ọ́n" ni mo máa ń gbọ́ jù lẹ́nu àwọn òbí tó nífẹ̀ẹ́ ọmọ wọn dénúdénú.

Nílé, ẹ yan ìgbà tí ọmọ ti sinmi ilé ìwé. Ẹ gbé gúgúrú àti ẹ̀pà kalẹ̀, kí ìwé ìṣirò wà lórí tábílì ní pípadé, kẹ́ ẹ sì máa tàkúrọ̀sọ. Ó tó fún ọjọ́ yẹn. Nígbà mìíràn, ẹ ṣí i sí iṣẹ́ kíláàsì tó ti kọjá, èyí tó mọ̀ dunjú, ìbéèrè méjì tàbí mẹ́ta péré, kẹ́ ẹ sì pa ìwé dé nígbà tó ṣì ń wù ú. Ẹ máa wo ara rẹ̀. Bí èjìká bá gbé sókè, bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ha ìdí pẹ́ńsùlù jẹ, a ti sáré jù nìyẹn, ẹ padà sí ti àná. Jones fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé béèyàn bá kánjú, oúnjẹ ló máa di ohun ẹ̀rù. Gúgúrú náà kì í sì í ṣe owó iṣẹ́ o. Bó gbà á, bó ṣì í, tirẹ̀ ni.

Lẹ́yìn èyí, ẹ mú ìṣirò lọ síbi tí ẹ̀rù ò tíì dé. Ní 1985, Terezinha Carraher, David Carraher àti Analúcia Schliemann tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ tó ń tajà ní Recife, ní Bràsíl. Wọ́n lọ bá wọn nídìí ọjà bí oníbàárà. Ọmọ ọdún 12 kan ń ta àgbọn, 35 ni owó ẹyọ kan. Wọ́n ní mẹ́wàá làwọn ń fẹ́. Ó ní mẹ́ta, 105; mẹ́ta sí i, 210; ó ku mẹ́rin; ó dé 315, ó sì fàbọ̀ sórí 350. Kò fi òdo sẹ́yìn 35 bí ilé ìwé ṣe ń kọ́ni. Ọmọ márùn-ún ni wọ́n yẹ̀ wò, wọ́n sì gba nǹkan bí 98 nínú ọgọ́rùn-ún ìbéèrè ojú ọjà. Nígbà tí wọ́n wá kọ irú ìṣirò kan náà sínú ìwé ní nọ́ńbà lásán, nǹkan bí 37 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n gbà.

Mo ní akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ìyá rẹ̀ ń ta èso ní Bódìjà. Bí mo bá kọ 5,000 − 3 × 1,200 sí bọ́ọ̀dù, ilẹ̀ ló máa ń wò. Mo nu bọ́ọ̀dù, mo ní, "Ìbẹ́pẹ mẹ́ta, 1,200 lọ́kọ̀ọ̀kan, 5,000 rèé, ṣéńjì mi dà?" Ó ní, "1,400, Àǹtí." Mo ní báwo ló ṣe ṣe é. Ó ní, "Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, igba mẹ́ta, ó di 3,600. Mo fi 400 lé e, ó di 4,000, ó wá ku ẹgbẹ̀rún kan." Mo kọ ohun tó sọ sí bọ́ọ̀dù bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, mo sì kọ ìbéèrè àkọ́kọ́ sórí rẹ̀. Ó pẹ́ tó ti ń wò ó. Ibẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gidi, torí kò sẹ́ni tó lè sọ fún un mọ́ pé kò mọ̀ ọ́n.

Ẹ sì jẹ́ kó fi Yorùbá ṣírò. Ọmọ tó mọ òǹkà wa lè ṣe 4 × 18 láìkọ nǹkan kan sílẹ̀: ogún mẹ́rin, ọgọ́rin, yọ méjì mẹ́rin, 72. Láti 1970 ni Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ n'Ífẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, tìṣirò tìṣirò, àwọn ọmọ náà sì ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n tètè fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ.

Ó ku ẹ̀yin òbí. Ìwádìí tí Erin Maloney àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 2015 rí i pé bí òbí tí ẹ̀rù ìṣirò ń bà bá ń ran ọmọ lọ́wọ́ lemọ́lemọ́ lórí iṣẹ́ àṣetiléwá, ọmọ náà kì í kọ́ tó ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́dún yẹn, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i. Bí ẹ bá mọ̀ pé ara yín ò balẹ̀, ẹ gbé iṣẹ́ náà fún ẹ̀gbọ́n tàbí aládùúgbò, kẹ́ ẹ̀yin àti ọmọ máa ta ayò. Ihò 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin mẹ́rin: ẹni tó bá ń ta á ń ṣírò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. "Èmi náà ò mọ ìṣirò láyé mi" ò gbọdọ̀ ti ẹnu yín jáde létí rẹ̀.

Aago ni kó gbẹ̀yìn. Títí ara ọmọ yóò fi balẹ̀, ẹ bẹ tíṣà rẹ̀ kó má dá a dúró níwájú kíláàsì, kó má sì ká àkókò mọ́ ọn lọ́wọ́. Bó bá sì jẹ́ pé ara rẹ̀ ti balẹ̀, tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń ṣeré nídìí ìwé, àmọ́ tí kò tíì lè sọ èyí tó pọ̀ jù nínú 5 àti 7, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ojú àti etí rẹ̀ wò ní ọsibítù, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá ẹni tó mọ̀ nípa ìṣòro ẹ̀kọ́ kíkọ́, torí ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rù mọ́.