Bí ara ọmọ bá sú lẹ́yìn tó lo Ampiclox

Ọmọ ò sùn mọ́jú. Imú ń ṣàn, ó ń wúkọ́, ara gbóná. Ìyá rẹ̀ sì ti kó ẹja sílẹ̀ ní Ọjà Olúwo, níbí l'Ẹ̀pẹ́. Ó yà sí kẹ́míìsì, ó ra Ampiclox. Ọjọ́ keje, àyà àti ẹ̀yìn ọmọ sú wẹ́wẹ́. "Áà, ara ẹ̀ ò gba Ampiclox!"

Ẹ rọra ná. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fa ọ̀fìnkìn àti ọ̀pọ̀ ikọ́ ọmọdé, Ampiclox ò sì lè pa fáírọ́ọ̀sì. Fáírọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ a máa mú ara sú. Òmíràn wà, bí Epstein-Barr tó ń mú ọ̀fun dunni, tó jẹ́ pé ìgbà tí òun àti oògùn yìí bá pàdé nínú ara ni ara máa ń sú. Bẹ́ẹ̀, wọ́n á ti kọ ọ́ sí káàdì ọmọ pé kò gba penicillin, ìyẹn ìdílé oògùn tí Ampiclox wà, á sì máa ru orúkọ yẹn dàgbà. Ọjọ́ tí òtútù àyà bá dé lóòótọ́, oògùn tó yẹ ẹ́ ni wọn ò ní fún un.

Èyí tó sú wẹ́wẹ́ sábà máa ń yọ láàárín ọjọ́ karùn-ún sí ìkẹwàá tí ọmọ ti ń lo oògùn. Lára àwa dúdú, pupa rẹ̀ kì í hàn dáadáa. Ẹ fọwọ́ pa á wò, ẹ gbé ọmọ síta ní ojúmọmọ. Iná tọ́ọ̀ṣì tí ọ̀pọ̀ yín ń tàn sí i lóru yẹn, ìdààmú lásán ni.

Tí ara ò bá gba oògùn ní tòótọ́, kì í sábà pẹ́ báyẹn. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ sí wákàtí kan tàbí méjì, ara á lé gèlè-gèlè, á máa yún un. Bí ètè tàbí ojú bá wú, tí ọmọ ń mí gúlegúle tàbí tó dákú, ẹ má dúró de bàbá ọmọ. Ọsibítù lẹsẹ̀kẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ẹnu bá di egbò, tí ojú pọ́n, tí awọ ara ń bó. Septrin náà lè fa èyí.

Bó bá jẹ́ wẹ́wẹ́ nìkan, ẹ má fún un ní oògùn náà mọ́ kí nọ́ọ̀sì tó rí i, lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ mú páálí oògùn dání, ẹ ya fọ́tò ara ọmọ, torí ó lè ti rá kí ó tó kàn yín lórí ìlà. Ẹ sọ bóyá ó ti gba abẹ́rẹ́ èéyí ti oṣù 9 àti ti oṣù 15, nítorí èéyí náà ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ikọ́ àti ibà kó tó sú láti ojú wá.

Èyí tó ṣẹ́kù nínú páálí, ẹ má tọ́jú ẹ̀ de àbúrò rẹ̀.