Tágì àyà fún rìyúníọ̀nù àwọn bàbá ṣọ́jà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣètò rìyúníọ̀nù àwọn bàbá wa tó ti rìtáyà lẹ́nu iṣẹ́ ṣọ́jà, ẹ má kọ orúkọ nìkan sí tágì àyà wọn o, ẹ kọ bàtálíọ̀nù wọn, ibi tí wọ́n ti jagun àti ọdún ẹ̀, kẹ́ ẹ wá kọ ìnagijẹ tí wọ́n fi ń pè wọ́n nínú bárékè gàdàgbà sókè pátápátá. Ẹni tó ja ogun Bìáfíráà láàárín 1967 sí 1970 ti lé lẹ́ni 70 ọdún báyìí, irun ti funfun, ojú ti yí padà, ẹlòmíì ò tiẹ̀ mọ orúkọ gidi ẹni tí wọ́n jọ sùn nínú kòtò, "Kọ́pùrù Dúdú" ló mọ̀ ọ́n sí. Ṣẹ́ ẹ rí i, tó bá ti kà á lára tágì, ariwo á sọ, ẹ ò ní nílò MC kankan mọ́. Tàwọn opó àtàwọn ọmọ ńkọ́? Orúkọ bàbá ni kẹ́ ẹ kọ sí tiwọn, bíi "Ìyàwó Sájẹ́ńtì Sùúrù, ECOMOG, Monrovia 1990" (ECOMOG làwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó lọ pẹ̀tù sógun Liberia), kí ọ̀rẹ́ olóògbé lè wá wọn rí, kí wọ́n má baà jókòó síkọ̀rọ̀ bí àlejò. Orí fóònù ni kẹ́ ẹ ti gba gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú, tó bá di ẹnu géètì ìlà á gùn, ẹsẹ̀ bàbá àgbà ò sì gba ìdúró. Máákà tó nípọn o, báírò ò ṣeé kà. Àmọ́ àwọn kan wà tí ò fẹ́ gbọ́ orúkọ ojú ogun yẹn sétí rárá, nítorí ohun tójú wọn rí níbẹ̀, ẹ bi wọ́n kẹ́ ẹ tó kọ ọ́, tí wọ́n bá kọ̀, ìnagijẹ àti bàtálíọ̀nù ti tó.