Bí A Ṣe Ń Yan Kámẹ́rà DSLR Tòkunbọ̀ Tí Kò Ní Dójú Tini Lóde

Bí ẹ bá fẹ́ ra DSLR, ìyẹn kámẹ́rà ńlá tí à ń pààrọ̀ lẹ́ǹsì rẹ̀, ní tòkunbọ̀, tí ẹ ó fi máa ya òde ìgbéyàwó ní Àkúrẹ́, iye fọ́tò tó ti yà ni kí ẹ kọ́kọ́ wádìí. Ṣọ́tà, ìyẹn ìlẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí tó sì ń padé nígbà tí a bá ń ya fọ́tò, ló ń gbó. Wọ́n ṣe ti Canon 60D, 6D àti 80D fún nǹkan bí fọ́tò 100,000. Ti 7D, 5D Mark III, Nikon D7000, D7100 àti D750 jẹ́ 150,000. Ẹni tó ń ya fọ́tò 1,500 ní gbogbo Sátidé yóò jẹ tó 75,000 lọ́dún kan, nítorí náà èyí tó ti ya 90,000 kì í ṣe ọjà olówó ńlá mọ́.

Ti Nikon rọrùn: ẹ ya JPEG kan, kí ẹ ṣí i nínú áàpù tó ń ka EXIF, ìyẹn àlàyé tí kámẹ́rà kọ pamọ́ sínú fọ́tò, iye náà wà níbẹ̀. Canon kì í sábà kọ ọ́ sínú fọ́tò. Ẹ ó fi wáyà USB so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, kí áàpù ibẹ̀ lè kà á. Nọ́ńbà fáìlì kì í ṣe ẹ̀rí o. Bó bá dé 9999, á tún bẹ̀rẹ̀ láti 0001.

Àwọn kan ní àrùn tí gbogbo ayé mọ̀. Nikon D600 tó jáde lọ́dún 2012 máa ń ta epo àti eruku sára sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ojú tó ń gba àwòrán nínú kámẹ́rà. D610 tẹ̀ lé e lọ́dún 2013. Bí owó wọn bá súnmọ́ra, D610 ni kí ẹ mú. Canon 5D àkọ́kọ́, dígí inú rẹ̀ a máa já bọ́.

Láti yẹ sẹ́ńsọ̀ wò, ẹ gbé e sí f/22, tí ihò ìmọ́lẹ̀ inú lẹ́ǹsì á fi kéré gan-an, kí ẹ ya ojú ọ̀run. Àmì dúdú tí blower, rọ́bà tí à ń tẹ̀ láti fẹ́ eruku kúrò, bá gbé lọ, eruku ni, ọyẹ́ sì ń kó o wá lọ́pọ̀lọpọ̀. Èyí tó lẹ̀ pinpin, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ epo. Lẹ́yìn náà, ẹ ya léraléra ní ìyára tó ga jù. Bí apá kan fọ́tò bá dúdú, tàbí Err 30 bá yọ lórí Canon, ṣọ́tà ti ń lọ nìyẹn. Err 01 kò le tó bẹ́ẹ̀: ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu irin tí lẹ́ǹsì fi kan kámẹ́rà, kí ẹ tún gbìyànjú. Nínú 7D, ẹ tan iná sí ihò káàdì CF, irú káàdì kan tí à ń kó fọ́tò sí, kí ẹ wo àwọn abẹ́rẹ́ inú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ kan tó bá tẹ̀, iṣẹ́ dé.

Èwo wá ni kí ẹ mú? Fún òde, D7100 ni a ó mú ṣáájú 80D. Ihò káàdì SD méjì ló ní, 80D ní ẹyọ kan, bẹ́ẹ̀ káàdì tó bàjẹ́ kì í dúró de ìgbà tí a tó tún ìgbéyàwó ṣe. D7100 tún ní mọ́tò tó ń yí lẹ́ǹsì àtijọ́ bíi 50mm f/1.8D kí fọ́tò lè mọ́ kedere, Nikon D3200 kò ní, ọwọ́ ni ẹ ó máa fi yí i.

Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì fóònù wo inú lẹ́ǹsì náà. Bí ẹ bá rí ohun tó dà bí òwú aláǹtakùn, ebu ni. Ẹ má rà á.