Bí Mo Ṣe Lọ Ìyẹ̀fun Tom Brown fún Àwọn Ọmọ Tó Rù ní Akúrẹ́

Ní òkè ọya, ní Borno àti Yobe níbi tí ọ̀dá àti ogun ti lé ọ̀pọ̀ ìdílé kúrò lóko, ìyẹ̀fun Tom Brown, tí wọ́n ń fi ọkà, sóyà àti ẹ̀pà yíyan lọ̀, wà lára ohun tí wọ́n fi ń tọ́jú ọmọ tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Òjò kì í wọ́n wa bẹ́ẹ̀ ní Akúrẹ́, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú sóyà, ẹ̀pà àti ọkà bàbà tí à ń rà ní ọjà Ṣáṣà, láti òkè ọya ló ti ń wá. Bí òjò bá wọ́n wọn, owó oúnjẹ á fò sókè níbí, ọmọ kékeré ló sì kọ́kọ́ máa ń hàn lára rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú ìlànà wọn ṣe níbí.

Kí n tó ra ohunkóhun, mo wọn apá àwọn ọmọ ná, torí ìyẹ̀fun yìí kì í ṣe fún gbogbo ọmọ. Téèpù aláwọ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi ń wọn apá ni mo lò, ọmọ oṣù 6 sí oṣù 59 ló sì wà fún. Apá òsì ni à ń wọ̀n. Mo bọ́ aṣọ ọmọ, mo ká apá rẹ̀ níbi ìgunpá, mo wá àárín gbùngbùn láti ṣóńṣó èjìká dé ìgunpá, mo fi báírò sàmì síbẹ̀, mo wá jẹ́ kí apá náà rọ̀ wálẹ̀ kí n tó fi téèpù yí i. Bí awọ bá wú sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ téèpù, ó ti fún jù; bí àlàfo bá wà láàárín òun àti awọ, ó dẹ̀ jù. Mìlímítà 125 sókè, àwọ̀ ewé ni, kò sí ewu. Láti 115 sí ibi tí kò pé 125, yẹ́lò ni, ọmọ yẹn ló ni Tom Brown. Bí kò bá tó 115, pupa ni.

Téèpù nìkan kò tó. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ òkè ẹsẹ̀ ọmọ méjèèjì fún ìṣẹ́jú àáyá 3. Bí ojú ibẹ̀ bá jin kòtò ní ẹsẹ̀ méjèèjì, omi ló wà nínú ara náà, bí apá rẹ̀ tilẹ̀ sanra. Ìyá tó rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú á rò pé ọmọ òun ń sanra ni, ohun tó sì ń jẹ́ kí wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó gbé e jáde nìyẹn. Irú ọmọ yìí àti ọmọ pupa, ilé ìwòsàn ni kí ẹ mú wọn lọ lọ́jọ́ náà gan-an. RUTF, oúnjẹ ìtọ́jú inú ọ̀rá tí kò nílò sísè, tí wọ́n ń fún wọn níbẹ̀, ọ̀rá kan jẹ́ gíráàmù 92, kílòkálórì 500 ló wà nínú rẹ̀. Tom Brown kò lè rọ́pò rẹ̀.

Ìwọ̀n ìyẹ̀fun náà: ọkà ìpín 6, sóyà 3, ẹ̀pà 1. Fún kílò 10, mo lo àgbàdo kílò 4, ọkà bàbà 2, sóyà 3, ẹ̀pà 1. Lẹ́yìn ṣíṣà ni kí ẹ wọ̀n ọ́n.

Ibi ṣíṣà ni mo ti lo àkókò jù. Mo da ẹ̀pà sórí àtẹ lójú ọ̀sán gangan. Èyí tó hunjọ, èyí tó fọ́, èyí tí àwọ̀ rẹ̀ yí padà, èyí tí èébu wà lára rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni mo kó dànù. Kódà adìẹ kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́. Èébu yẹn ló ń mú májèlé tí wọ́n ń pè ní aflatoxin wá, ẹ̀dọ̀ ló ń bà jẹ́, iná kì í sì í pa á tán. Àgbàdo tí kò gbẹ kí wọ́n tó kó o pamọ́ náà máa ń ní i. Bí oníṣòwò bá ní òun fẹ́ ta ẹ̀pà àtijọ́ ní ẹ̀dínwó fún yín, ẹ má gbà.

Sóyà ló kàn. Èròjà kan wà nínú sóyà tútù tí kì í jẹ́ kí ara ọmọ lo purotéènì inú rẹ̀, iná ló sì ń pa èròjà náà. Mo fọ̀ ọ́, mo sá a títí ó fi gbẹ, torí bí omi bá kù lára rẹ̀, ìta á jó kí inú tó jinná. Agbada tó nípọn, iná díẹ̀, ọwọ́ kì í dúró. Á máa ta pàrà-pàrà, èèpo á là, òórùn ẹ̀wà tútù á lọ, òórùn dídùn á dé. Ẹ mú ẹyọ kan, ẹ là á sí méjì: bí ó bá ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú dé àárín, ó tó, bí àárín bá ṣì funfun, ẹ máa yan án lọ. Bí ó bá dúdú, á korò, ọmọ á sì kọ̀ ọ́. Àgbàdo, ọkà bàbà àti ẹ̀pà, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo yan wọ́n. Mo bó ẹ̀pà àti sóyà, mo fẹ́ èèpo wọn dànù.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ nǹkan gbígbẹ ni kí ẹ lò. Èyí tí wọ́n fi lọ ata á ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Mo ní kí wọ́n fi ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo fọ ẹnu ẹ̀rọ ná, a da ìyẹn nù. Ẹ̀pà kò gbọdọ̀ dá wọ ẹ̀rọ, òróró rẹ̀ á dì mọ́ ọn. Ẹ pò ó mọ́ àgbàdo. Ìyẹ̀fun á gbóná bó bá ti ń jáde, ẹ tẹ́ ẹ sórí aṣọ mímọ́ títí á fi tutù. Èyí tí ẹ bá dì ní gbígbóná á làágùn nínú ọ̀rá, á sì bu. Lásìkò òjò, èyí tí wọ́n máa lò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì nìkan ni mo ń lọ̀.

Níwájú àwọn ìyá ni mo ti sè é. Ṣíbí ìjẹun mẹ́ta tó kún, mo fi omi tútù díẹ̀ pò ó, mo dà á sínú omi tó ń hó bí ife kan, mo rò ó fún ìṣẹ́jú 10. Kó ki débi pé kò ní sáré ṣàn kúrò lójú ṣíbí. Ọ̀pọ̀ ló ń pò ó ṣàn bí ògì, omi á sì gba ikùn ọmọ kí oúnjẹ tó ráyè. Epo pupa ṣíbí kékeré kan àti edé lílọ̀ dára nínú rẹ̀. Ọyàn kò gbọdọ̀ dá títí ọmọ á fi pé ọdún 2, ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6 kò sì gbọdọ̀ fẹnu kan ìyẹ̀fun yìí rárá.

Nínú ilé tí ebi ti ń pa gbogbo wọn, ìyá kò lè gbé abọ́ fún ọmọ kan kí àwọn yòókù máa wò, èmi ò sì bá wọn wí. Mo fi kún ti ilé tó ní ọmọ púpọ̀, mo sì ní kí abọ́ ọmọ tó rù dá yàtọ̀, kí ìyá lè mọ bó ṣe jẹ tó.

Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni kí ẹ tún máa wọn apá, kó jẹ́ ẹni kan náà ni yóò máa wọ̀n ọ́n. Bó bá ti tó 125 lẹ́ẹ̀mejì léraléra, ó ti bọ́. Bí kò bá gbéra lẹ́yìn oṣù kan, ẹ má kàn fi kún ìyẹ̀fun. Ẹ mú un lọ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún ibà, ìgbẹ́ gbuuru, aràn àti ikọ́ fée (TB).